Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Sọ́fíwíà Tí A Fi Ń Gé Ohùn àti Èyí Tí A Fi Ń Yí I Padà

Láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni gbogbo ìbéèrè oṣù yìí ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń yí po: ohùn tí a gbà sílẹ̀, tí a fẹ́ gé, tí a fẹ́ tún ṣe, tàbí tí a fẹ́ sọ di irú fáìlì mìíràn. Ibi tí a bá ti dárúkọ ohun tí ẹ máa tẹ̀, bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà gan-an la kọ ọ́, kí ẹ lè tètè rí i.

Ìbéèrè: Láptọ́ọ̀pù mi ti pẹ́, RAM 4 GB péré ló ní. Ìwàásù àti ètò ìkíni ni mo ń gbà sílẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ẹnì kan ní kí n lo Adobe Audition, ẹlòmíràn ní FL Studio, ẹnì kẹta ní Audacity. Èwo ni kí n mú? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Èsì: Fún iṣẹ́ tí ẹ dárúkọ yìí, Audacity ni kí ẹ mú. Ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2000 ló ti wà níta, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, láptọ́ọ̀pù yín á sì gbé e. Inú rẹ̀ náà lẹ ti máa gba ohùn, tí ẹ máa gé e, tí ẹ máa dín ariwo rẹ̀ kù, tí ẹ sì máa kó o jáde gẹ́gẹ́ bí fáìlì WAV tàbí FLAC, tí kì í sọ ohunkóhun nù, tàbí MP3, tó kéré.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Effect rẹ̀ (àwọn irinṣẹ́ tó fi ń tún ohùn ṣe) ló ń yí ohùn náà fúnra rẹ̀ padà. Tí ẹ bá ti tẹ Apply, tí ẹ fi iṣẹ́ náà pamọ́, tí ẹ sì pa á dé, kò sí Undo tó máa dá a padà lọ́jọ́ kejì. Láti ẹ̀dà 3.2 tó jáde lọ́dún 2022, ó ti ní àwọn Effect tó ń ṣiṣẹ́ bí ohùn ṣe ń lọ, tí ẹ lè tàn, tí ẹ lè pa, nígbà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n Noise Reduction, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá jù, kò sí lára wọn. Àléébù kejì ni àyè tó ń gbà. Bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, 32-bit ló fi ń ṣiṣẹ́, torí náà wákàtí kan ohùn stereo (ohùn ọ̀tún àti òsì) máa ń gba bíi 1.3 GB. Effect kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe lórí gbogbo rẹ̀ tún lè fi bẹ́ẹ̀ kún un, nítorí pé ó ń tọ́jú ti tẹ́lẹ̀ de Undo. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù oníwákàtí kan, ẹ rí i pé àyè tó ṣófo tó 8 GB. Inú láptọ́ọ̀pù gan-an sì ni kí iṣẹ́ náà wà, kì í ṣe inú fláàṣì: bí fláàṣì bá yọ láàárín iṣẹ́, fáìlì náà lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Sọ́fíwíà mìíràn tó ń jẹ́ Reaper dára fún ẹni tó ń gba ohùn akọrin pẹ̀lú máíkì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fọwọ́ kan fáìlì tí ẹ gbé wọ inú rẹ̀ rárá. Àṣẹ lásán ló ń kọ sílẹ̀ nípa bó ṣe máa gé e, torí náà kò sí ohun tí ẹ ṣe tí ẹ kò lè tú. Kò wúwo, ẹ sì lè dán an wò fún 60 ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, dọ́là 60 ni oníṣẹ́ kékeré ń san. Ohun tó máa ń lé èèyàn sá níbẹ̀ ni bí bọ́tìnnì àti àkójọ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Audition lágbára gan-an níbi ìfọ̀mọ́: ó lè fi ohùn hàn yín bí àwòrán, kí ẹ rí fèrè mọ́tò tó wọ àárín ọ̀rọ̀, kí ẹ sì nu fèrè náà nìkan kúrò. Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó rẹ̀, dọ́là sì ni. 4 GB yín á tún máa mí gúlegúle lábẹ́ rẹ̀. FL Studio kò burú, àmọ́ àwọn tó ń ṣe orin ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí wọ́n fi ń dán an wò á gbà kí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́, kò sì ní gbà kí ẹ ṣí i padà títí ẹ ó fi rà á.

Èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pín káàkiri nínú fláàṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus yín, ibẹ̀ sì ni kòkòrò ti ń wọlé.

Ìbéèrè: Bàbá wa fi kásẹ́ẹ̀tì tó tó ogójì sílẹ̀. Ohùn ẹgbẹ́ wọn ní Ojúde Ọba, oríkì ìdílé àti wáàsí ló wà nínú wọn. Àbúrò mi ní kí n tan téèpù, kí n gbé fóònù síwájú sípíkà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ? — Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde

Èsì: Rárá o. Fóònù tó wà níwájú sípíkà á gba ìró fáànù, ariwo àdúgbò àti gbogbo àléébù sípíkà náà mọ́ ohùn bàbá, kò sì sí sọ́fíwíà tó lè yọ wọ́n láìbu ọ̀rọ̀ jẹ. Wáyà ni kí ẹ lò: èyí tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mílímítà 3.5. Ọ̀kan á wọ ihò hẹ́dífóònù téèpù, èkejì á wọ kọ̀ǹpútà. Lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ihò aláwọ̀ búlúù ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe aláwọ̀ píǹkì. Máíkì ló ni aláwọ̀ píǹkì, ohùn tó kéré jọjọ ló sì ń retí. Ti téèpù á pọ̀ jù fún un, á wá máa fọ́. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní ihò kan ṣoṣo fún hẹ́dífóònù àti máíkì pọ̀, èyí kò sì lè gba ohùn stereo. Ẹ ra sound card kékeré tó ń wọ USB (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà), kí ẹ sì rí i pé “line in”, ihò tó ń gba ohùn láti ara ẹ̀rọ mìíràn, wà lára rẹ̀, torí pé ihò máíkì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kéré ní.

Kí ẹ tó tẹ Play, ẹ fi òwú àti ọtí isopropyl nu orí téèpù àti rọ́bà kékeré tó ń fa okùn. Ẹ yí kásẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́ nílẹ̀ lọ dé òpin, kí ẹ yí i padà, kí okùn rẹ̀ lè tú ara sílẹ̀. Okùn C90 fẹ́lẹ́ ju ti C60 lọ, ẹ rọra ṣe é. Bí ohùn bá ń dún bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó, ó ṣeé ṣe kí orí téèpù yín má dúró déédéé pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Skurú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ká má rí i pé ó yí ju ìdámẹ́rin lọ, bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń dún, títí ìró “s” á fi mú geere. Kásẹ́ẹ̀tì mìíràn lè fẹ́ kí ẹ tún un yí.

Nínú Audacity, ẹ fi í sí 44100 Hz (iye ìgbà tó ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) àti stereo. Kí ibi tí ohùn ti ròkè jù wà láàárín −12 sí −6 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó; 0 ni òpin rẹ̀). Ẹ gba ojú kan tán láìdá a dúró. Ẹ kó o jáde ní WAV 16-bit: ìṣẹ́jú kan á gba bíi 10 MB, wákàtí kan á gba bíi 635 MB, ogójì kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan á sì gba bíi 25 GB. Bí àyè kò bá tó, FLAC á dín in kù sí bí ìdajì, kò sì ní sọ ohunkóhun nù nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ fi í sí ibi méjì, ẹ má gé e, ẹ má fọ̀ ọ́. Ara ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi MP3 tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí ṣe ìkẹyìn.

Bí téèpù yín bá ń sáré jù, tí ohùn bàbá wá tín-ín-rín, Change Speed (tó ń jẹ́ Change Speed and Pitch nínú àwọn ẹ̀dà tuntun) ni kí ẹ lò, ẹ má lo Change Tempo. Tempo á fà á gùn nìkan, ohùn tín-ín-rín náà á sì wà síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ohùn orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà fi ń ránṣẹ́ sí mi kí n fi ṣe ìpolówó. Kò ṣí nínú sọ́fíwíà tí mo ń lò. Mo yí ìparí orúkọ rẹ̀ sí .mp3, síbẹ̀ kò dún. — Oníṣẹ́ ìpolówó, Ṣágámù

Èsì: Yíyí orúkọ padà kò yí ohun tó wà nínú fáìlì padà. Irú fáìlì tó ń jẹ́ Opus ni WhatsApp ń lò, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà lábẹ́ orúkọ tuntun tí ẹ fún un. Bí fáìlì bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ lo VLC: ẹ tẹ Ctrl+R, ẹ fi fáìlì sí i, ẹ tẹ Convert / Save, ẹ yan MP3 níbi Profile, ẹ fi orúkọ fáìlì tuntun sí Destination file, ẹ tẹ Start. Audacity náà á ṣí i bí ẹ bá fi FFmpeg kún un.

Bí ó bá pọ̀, FFmpeg fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú fáìlì ohùn tí kò mọ̀. Kò ní bọ́tìnnì kankan, kíkọ ni ẹ ó máa kọ àṣẹ sí i, bí lẹ́tà kan bá sì ṣì, kò ní ṣe iṣẹ́ náà. Àmọ́ ìlà kan ṣoṣo yìí, tí ẹ bá kọ ọ́ nínú Command Prompt ti Windows, nínú fódà tí ohùn náà wà, á yí gbogbo wọn padà, ì báà jẹ́ igba:

for %f in (*.opus) do ffmpeg -i "%f" -ac 1 -b:a 64k "%~nf.mp3"

“-ac 1” túmọ̀ sí ohùn ẹyọ kan, mono. 64 kbps (ìwọ̀n dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó fún un, torí pé WhatsApp ti fún un pọ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá fi 320 sí i, àyè lásán lẹ fi ṣòfò.

Ní ti àwọn ibi orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń yí fáìlì padà lọ́fẹ̀ẹ́, dátà lẹ ó fi gbé e lọ, dátà lẹ ó fi gbà á padà, ohùn oníbàárà yín á sì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ẹ kò mọ̀. Fún ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ má lò wọ́n.

Ìbéèrè: Mo fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn wọn. Mo lo Noise Reduction, ni wọ́n bá ń dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Èsì: Ẹ ti fi agbára mú un jù. Ṣe ni Noise Reduction máa ń pín ohùn sí ọ̀pọ̀ ìpele, láti orí ìró tó wúwo dé orí èyí tó tín-ín-rín, yóò sì dín èyíkéyìí tó bá jọ ariwo kù. Bí ẹ bá gbé e ga jù, yóò máa pa ìpele kan, yóò máa tan òmíràn, léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń dún bí omi létí yín nìyẹn.

Ẹ padà sí ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ lo High-Pass Filter (tó ń gé ìró tó wúwo, tó rẹlẹ̀ ju ibi tí ẹ bá yàn lọ) ní 80 Hz ná, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì lè kúrò nílẹ̀. Ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún, ẹ yàn án, kí ẹ tẹ Get Noise Profile. Lẹ́yìn náà ẹ yan gbogbo ohùn, kí ẹ fi Noise reduction sí 6 dB, kí ẹ má kọjá 9. Kí ẹ tó tẹ OK, ẹ yan Residue, ẹ sì tẹ Preview. Ohun tí ẹ fẹ́ yọ dànù nìkan ni yóò dún. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nínú rẹ̀, ẹ ti ń gé ẹran mọ́ egungun nìyẹn, ẹ dín in kù. Ẹ rántí dá a padà sí Reduce.

Jẹnẹrétọ̀ kì í dún bákan náà látòkè délẹ̀. Bí fíríìjì bá tàn, ìró rẹ̀ á yí padà, àpẹẹrẹ ariwo tí ẹ mú ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sì ní bá a mu mọ́. Ẹ pín fáìlì sí abala, kí ẹ mú àpẹẹrẹ tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé wáyà iná ló ń ké hùùù, 50 Hz ni iná ilẹ̀ wa: ẹ lo Notch Filter (tó ń gé ìró kan ṣoṣo kúrò) ní 50, lẹ́yìn náà 100 àti 150.

Ohun kan ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí èdè. Ẹ wo irú fáìlì tí fóònù yín fi gbà á. Bó bá jẹ́ AMR, bí ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ ti ń ṣe, 8000 Hz péré ló fi ń wọn ohùn, torí náà gbogbo ìró tó ju ìdajì rẹ̀, 4000 Hz, lọ ti lọ. Òkè yẹn gan-an sì ni ìró “s” pọ̀ sí, níbi tó ti yà sọ́tọ̀ kúrò lára “ṣ”. Ẹni tó bá ń tẹ́tí sí i lè má mọ̀ bóyá “sá” ni bàbá sọ tàbí “ṣá”. Kò sí sọ́fíwíà tó lè dá a padà. Bí àgbà náà bá ṣì wà, ẹ lọ tún gbà á. Ẹ fi fóònù sí WAV, tàbí M4A ní 44100 Hz, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ẹnu, kí ògiri sì wà láàárín yín àti jẹnẹrétọ̀.

Ìbéèrè: Mo gba ohùn ìlù àti àwọn ẹlẹ́ṣin sílẹ̀ ní Ojúde Ọba. Gbogbo ibi tí wọ́n ti yìnbọn ló fọ́. Ṣé ó ṣeé tún ṣe? — Ayàwòrán, Ìjẹ̀bú-Òde

Èsì: Díẹ̀ ni. Ẹyin lohùn nínú ọ̀rọ̀ yìí: orí ìgbì ohùn tó ga ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà ti gé dànù, kò sí nínú fáìlì mọ́. Nínú Audacity, ẹ tan Show Clipping lábẹ́ View. Ibi tí ìlà pupa bá ti hàn ló fọ́. Clip Fix á gbìyànjú láti fojú bù ú bí orí ìgbì náà ì bá ṣe rí, á sì dín ohùn kù kó lè ráyè fi í sí. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìlà pupa bá ti dá wà, tó tín-ín-rín. Ibi tí wọ́n bá ti sú pọ̀, kò lè ṣe nǹkan kan.

Ìbọn tó fọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dun etí, oríkì tó fọ́ ló ń dùn ún. Torí náà, ẹ yan ìró ìbọn nìkan, kí ẹ fi Amplify dín in kù ní −6 sí −10 dB, kí ẹ sì fi agbára yín sí ibi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ ó tún rí i pé lẹ́yìn ìbọn kọ̀ọ̀kan, ìlù máa ń rẹlẹ̀ kó tó padà. Fóònù ló ń fúnra rẹ̀ dín ohùn kù. Ẹ lo Envelope Tool láti gbé ibẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan nípa gbẹ̀du: ẹ má lo High-Pass Filter tí a dárúkọ lókè yẹn lé e lórí. Ìsàlẹ̀ yẹn ni ohùn rẹ̀ wà, bí ẹ bá gé e, páálí lásán ni yóò máa dún. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lo ẹ̀rọ tí ẹ lè fọwọ́ yí ìwọ̀n rẹ̀, kí ìlù má ròkè ju −18 dB lọ, kí ìbọn lè ráyè.

Ìbéèrè: Mo fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ní kò sí ohùn nínú rẹ̀. Ó ń dún lọ́dọ̀ mi. — Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Igbó

Èsì: Bí orúkọ fáìlì náà bá parí pẹ̀lú .aup tàbí .aup3, fáìlì iṣẹ́ ni, Audacity nìkan ló lè kà á. Ti àtijọ́, .aup, kò tilẹ̀ ní ohùn nínú; inú fódà tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú _data ni ohùn wà. Save Project kọ́ ni ẹ máa tẹ̀, Export Audio ni. Ẹ bi wọ́n léèrè irú èyí tí wọ́n ń fẹ́. Bí wọn kò bá sọ, WAV 44100 Hz, 16-bit, ni kí ẹ fún wọn.

Ìbéèrè: MP3 tí mo ní jẹ́ 64 kbps, 320 ni wọ́n ń béèrè. Ṣé kí n yí i padà? Mo sì tún fẹ́ gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. — Òǹkàwé, Ìpẹru

Èsì: Bí ẹ bá yí i padà, fáìlì á tóbi ní ìlọ́po márùn-ún, ohùn kò ní dára sí i. MP3 máa ń ju ohun tó bá rò pé etí kò ní gbọ́ nù nígbà tó bá ń fún ohùn pọ̀, ohun tó bá sì jù nù kì í padà. Ẹ wá ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀, kí ẹ béèrè WAV lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti gígé, Audacity máa ń tú MP3 ká, yóò sì tún un fún pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń kó o jáde, ohùn á tún dín. Bó bá jẹ́ gígé nìkan, ẹ lo mp3DirectCut lórí Windows. Kì í tú u ká, ṣe ló ń gé e lójú oríkèé; nínú MP3 44100 Hz, láti oríkèé kan sí èkejì jẹ́ bíi 26 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò lè fọ ariwo, kò sì lè da ohùn méjì pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gígé yìí, kò sí èyí tó sàn jù ú lọ nínú àwọn tí a dárúkọ.

Ìbéèrè: Mo fi àmì sí orúkọ orin ìjọ wa dáadáa. Nínú mọ́tò, “?” ló ń hàn níbi ọ, ẹ àti ṣ. — Olórin, Ìṣarà-Rẹ́mọ

Èsì: Inú MP3 ni orúkọ náà wà, níbi tí wọ́n ń pè ní ID3 tag, irú rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. ID3v1 kò mọ lẹ́tà wa, kò sì gba ju lẹ́tà 30 lọ fún àkọlé. Ẹ lo Mp3tag, kí ẹ ṣí Options, kí ẹ lọ sí Tags, Mpeg, kí ẹ yan ID3v2.3 UTF-16 níbi Write, kí ẹ sì yọ ID3v1 kúrò. Ẹ yan gbogbo orin náà, ẹ tún un fi pamọ́. ID3v2.4 náà mọ lẹ́tà wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ́tò kò lè kà á. Bí “?” bá ṣì ń hàn lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ni kò ní lẹ́tà wọ̀nyí. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan láìsí àmì fún fláàṣì mọ́tò, kí àmì sì wà lára èyí tí ẹ fi pamọ́ àti èyí tí ẹ ń fún àwọn ọmọ ìjọ. Bí ẹ bá ń ṣètò fláàṣì náà (format), FAT32 ni kí ẹ yàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ́tò kò lè ka NTFS.